Ẹyin Tó Ń Tutù Lọ́nà Ọ̀fun

Èmi ni mo lé ọ̀rẹ́ Màmá kúrò nílé wa. Ẹnikẹ́ni kò rán mi níṣẹ́ náà. Màmá ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ń gbé ní Ìrè-Èkìtì títí di òní. Ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣe ọmọge, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo yẹn ló kù fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní ìlú òyìnbó, wọ́n sì máa ń pè é lórí fóònù dáadáa. Ṣùgbọ́n fóònù kì í jókòó ti èèyàn lọ́wọ́ ọ̀sán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí ló máa ń jókòó tì í. Mo lé e lọ nítorí òórùn tó wà nínú ẹyin adìẹ. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, kì í ṣe bí mo ṣe ń rò ó fún àwọn èèyàn nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Ìwé mi kò lọ jìnnà. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, nígbà tí ìyá mi kú, mo fi girama sílẹ̀ láìparí, Màmá sì ní kí n máa bọ̀ nílé. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ti kọ́ ilé adìẹ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì ti ra adìẹ tó ń yé ẹyin sínú rẹ̀, wọ́n lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fún wọn lóúnjẹ, kí n máa kó ẹyin, kí n máa gbé e lọ tà ní ìlú Ọyẹ́. Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ Màmá ni kí ó máa po oúnjẹ wọn. Wọn kì í san owó fún un. Ó ní ọwọ́ òun kò lè dilẹ̀ kí òun máa wo ẹnu ọ̀rẹ́ òun.

Yèyé ni mo ń pè é, bí a ṣe ń pe ìyá ní ilẹ̀ wa. Ó ga, ó gbẹ, ó máa ń rìn bí ẹni tí ẹnìkan ń dúró dè. Láràárọ̀, bó bá ti parí àdúrà, á gbé asẹ́ rẹ̀ há abíyá, á gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, á ní, "Ẹ kú ulé o." Màmá á dáhùn láti inú yàrá. Bí èmi bá dáhùn, á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọmọ Ìbàdàn, o ti jí?"

"Mo ti jí, Yèyé. Mo tiẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Uṣẹ́. Uṣẹ́ la ń ṣe níbí. Iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe n'Ìbàdàn, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́hùn-ún."

Òun ló kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀ nípa adìẹ. Àgbàdo pupa ló máa ń lò, kò jẹ́ kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, ó ní adìẹ kì í ṣe ọmọ ọwọ́ tó ń mu ògì. Á yan ẹ̀wà sóyà, á gún kúlíkúlí, á lọ ìkarahun ìgbín mọ́ ọn kí èèpo ẹyin lè le. Lẹ́yìn náà á sẹ́ gbogbo rẹ̀, nítorí eruku oúnjẹ máa ń há adìẹ lọ́fun. Nígbà kan tí àgbàdo wọ́n, a fi èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ dí i fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó se ẹyin kan, ó là á sí méjì níwájú mi. Pupa ẹyin náà ti di funfun bí iṣu bíbọ̀. Ó ní kí n tọ́ ọ wò. Ó dà bí ẹni ń jẹ òwú. Nígbà mìíràn, èmi fúnra mi gba orí ẹja gbígbẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́ja kan, mo gún un sínú oúnjẹ wọn, mo rò pé mo ṣe ọgbọ́n. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Màmá fi ní ta ló fi omi ẹja se ẹyin òun. Yèyé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ohun tí adìẹ bá jẹ lánàá ni wàá jẹ lọ́la," ó ní. "Adìẹ kì í pa àṣírí mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé kò sí adùn tàbí ìkorò kan tó lè wà nínú ẹyin tí kò kọ́kọ́ gba ẹnu adìẹ kọjá. Ìdajì ẹ̀kọ́ ni mo kọ́, mo wá ń ṣe bí ọ̀gá.

Ìdajì kejì wà níwájú mi lójoojúmọ́, n kò rí i. Ilé Màmá jẹ́ ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan sì la àárín rẹ̀ já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Atẹ́gùn kì í tán níbẹ̀. Lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni pákó tí a máa ń to kíréètì ẹyin sí wà. Yèyé á fi aṣọ gbígbẹ nu ẹyin tó bá dọ̀tí, á kọ ibi tó tóbi lára rẹ̀ sókè, á tò ó. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí. Èmi náà kò béèrè. Ta ní ń béèrè ìdí tí wọ́n fi ń gbé abọ́ sórí pẹpẹ?

Ẹyin kan wà tí kì í dé orí pákó náà. Ẹyin àárọ̀ Màmá ni. Inú ìtẹ́ ni mo ti máa ń mú un, bó bá ṣe ń gbóná lọ́wọ́ mi ni mo máa ń gbé e sínú omi. Màmá máa ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú iṣu, kì í bu iyọ̀ sí i. Ó ti ṣe alásè ní ilé ìwé kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì gbàgbọ́ pé èèyàn tó mọ oúnjẹ ń fi iyọ̀ bo ẹyin mọ́lẹ̀.

Ní ìparí ọyẹ́, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí dín. Tí mo bá rò pé kíréètì mẹ́ta máa kún, kò ní kún méjì àbọ̀. Oúnjẹ kò dín, omi kò dín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wo ẹni tó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ẹni mẹ́ta péré ni: Màmá tí kò ríran, èmi, àti Yèyé. Yèyé sì ní adìẹ díẹ̀ nílé tirẹ̀, ó máa ń ta ẹyin wọn fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bí mo bá rò ó dé ibẹ̀, màá lé èrò náà dànù. Lọ́jọ́ kejì á padà wá jókòó.

Mo wá ṣàkíyèsí ọ̀rá dúdú kan. Yèyé máa ń mú un wá lábẹ́ asẹ́, ó máa ń so ó ní ìdè méjì, bó bá sì ń lọ, á tún mú un lọ. N kò mọ iye ìgbà tó ti ń mú un wá kí n tó rí i. Ó lè jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó ń fura kì í gbà pé nǹkan ti pẹ́ níbẹ̀. Tuntun ni gbogbo nǹkan máa ń jẹ́ lójú rẹ̀.

Mo kó gbogbo kíréètì kúrò lórí pákó lọ sínú yàrá mi, mo fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn. Mo sọ fún Màmá pé eku ni. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Yàrá mi kéré. Wọ́n fi í kún ilé lẹ́yìn ni, páànù rẹ̀ sún mọ́ orí, fèrèsé rẹ̀ kò sì ṣí nítorí mo ti kàn án pa lọ́wọ́ ewúrẹ́. Ohun tó gba ààyè jù níbẹ̀ ni àpótí onírin tí aṣọ ìyá mi wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín ẹrù rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ní èmi nìkan ni ọmọ tó bí, kí wọ́n gbé àpótí fún mi kí n máa tọ́jú rẹ̀ títí màá fi gbéyàwó. Ìyàwó mi ni yóò ṣí i. Bí Màmá bá rí ẹni tó ń lọ sí Ọyẹ́, á ní kí ó bá òun ra kánfọ̀ bọ̀, á fún mi kí n sọ ọ́ sínú àpótí kí kòkòrò má jẹ aṣọ àbúrò òun. Orí àpótí yẹn ni mo to kíréètì sí. Ibẹ̀ ló tẹ́jú jù.

Nígbà tí Yèyé dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú pákó tó ṣófo.

"Ẹyin ti ṣí lọ?"

"Eku ni, Yèyé. Mo kó o sí yàrá."

"Eku," ó ní. Ó wo ilẹ̀ lábẹ́ pákó, níbi tí kò sí èèpo ẹyin kan, kò sí ìgbẹ́ eku kan. Lẹ́yìn náà ló wò mí, ó sì gbé asẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀ pé mo fura sí i. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni kò yẹ kó mọ̀.

Nígbà kan náà ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí fi omi fọ ẹyin kí ó lè máa dán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ọyẹ́ fẹ́ràn ohun tó bá mọ́ lójú. Mo ń fọ̀ ọ́, mo ń gbé e sórí àpótí bẹ́ẹ̀, mo ń ti ilẹ̀kùn pa.

Ẹni tó máa ń ra ẹyin lọ́wọ́ mi jù ní Ọyẹ́ ni bàbá kan tó ń ta tíì, búrẹ́dì àti ẹyin díndín nítòsí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Aláwàdà ni. Ní ọjọ́ kan tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, kò sáré wá gba kíréètì bó ṣe máa ń ṣe. Ó kàn ń fọ ife.

"Ẹlẹ́yin," ó ní, "ṣé òtútù ń mú àwọn adìẹ yín ni?"

"Rárá o, Bàbá. Kí ló dé?"

"Ó dà bí ẹni pé ẹ̀ ń fi ìpara ra àyà wọn."

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ má dín in mọ́. Ẹ fi sínú omi gbígbóná kí n máa fi imú fà á, kàtá ń ṣe mí."

Bàbá náà dín ọ̀kan, ó gbé e fún mi. Bó ṣe kan ahọ́n mi, ẹyin ni. Ìgbà tí mo gbé e mì ni nǹkan kan tutù lọ́nà ọ̀fun mi, ó sì dúró síbẹ̀. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ó kàn dà bí ẹni pé nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn ẹyin náà tó ń wo èèyàn.

"Mi ò lè gba tòní," ó ní. "Ẹ lọ wo ohun tí ẹ̀ ń fún wọn jẹ."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyàwó àlùfáà wa dá kíréètì tó kù padà. Ó ti fi mẹ́fà yan kéèkì fún àwọn ọmọ tí bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbé ọwọ́ lé. Kò bínú, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní nítorí ọ̀wọ̀ Màmá ni òun kò ṣe fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ.

Ohun tí adìẹ bá jẹ lánàá. Ọ̀rọ̀ Yèyé fúnra rẹ̀ ni mo fi dá a lẹ́jọ́. Mo ní, mo ti ẹyin mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń gbẹ̀san. Mo lọ bu oúnjẹ adìẹ sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé e sí imú, mo sì gbọ́ òórùn ewé kan níbẹ̀ tó ta díẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ dúró sẹ́yìn ògiri ilé ìwẹ̀, mo ń yọjú wò ó. Ó tú ìdè méjèèjì, ó ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rún nǹkan kan sínú oúnjẹ, ẹnu rẹ̀ sì ń mì. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Inú mi dùn, mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni tí pańpẹ́ rẹ̀ mú ẹran.

Mo dúró kí ó parí, kí ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn títí di òní, pé mo dọ̀bálẹ̀ kí i tán kí n tó na ọwọ́ sí ẹrù rẹ̀.

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú ọ̀rá yẹn?"

"Ewé ni."

"Ewé kí ni?"

Mo gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i dà sílẹ̀. Efinrin gbígbẹ ni, àti ewé ewúro díẹ̀, àti ìkarahun ìgbín tí kò tíì lọ̀. Obìnrin aládùúgbò wa tó wá pọn omi nínú kànga dúró pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, ó ń wò wá.

"Ohun tó ń ba ẹyin jẹ́ rèé," mo ní. "Àwọn èèyàn ti ń dá a padà. Ẹ̀yin lẹ ní adìẹ kì í pa àṣírí mọ́."

Yèyé wo ewé tó wà nílẹ̀. "Ikọ́ ń ṣe wọ́n nígbà ọyẹ́," ó ní. "Láti ọdún tí wọ́n ti kọ́kọ́ kó wọn dé ni mo ti ń fún wọn. Ẹ̀kúnwọ́ kan fún ogún adìẹ." Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "O tú ẹrù mi."

Kò ké, kò ṣépè. Ó gbọn asẹ́ rẹ̀ mọ́ itan lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e há abíyá, ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Kò kó ewé náà. Mo gbá a dànù.

Nígbà tí mo sọ fún Màmá, kò bá mi jà. Ó bi mí bóyá Yèyé ti jẹun kí ó tó lọ. Mo ní mi ò mọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò jáde wá jókòó níwájú ilé mọ́. Ó ní kí n gbé àga òun wọ inú yàrá, ó sì ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí wọn yóò fi tan iná. Mo gbìyànjú láti máa bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ mi kì í pẹ́ tán. Ojúlé àwọn tó ti kú ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni òun àti Yèyé máa ń rìn kiri, ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?

Mo lọ ra oúnjẹ inú àpò ní Ìkọ̀lé. Kò sí ewé, kò sí ohunkóhun tí mo mọ̀ nínú rẹ̀. Mo retí ọ̀sẹ̀ kan, mo retí méjì. Mo dín ẹyin. Ó ṣì ń tutù lọ́nà ọ̀fun, ó tiẹ̀ le sí i. Pupa rẹ̀ kò dúró mọ́ bí mo bá fọ́ ọ, ṣe ló ń tẹ́ pẹrẹsẹ, funfun rẹ̀ ń sàn bí omi.

Kò wá sí mi lọ́kàn pé mo ti ṣẹ Yèyé. Ẹlòmíràn ni mo tún ń wá. Mo fura sí ẹni tó ta oúnjẹ inú àpò. Mo fura sí omi kànga. Mo fura sí ọlọ́kadà tó ń gbé mi lọ sí Ọyẹ́, pé bóyá ó ń da epo sára kíréètì, mo sì wọ ọ̀kadà mìíràn láìsọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó ṣì ń tì mí lójú di òní. Màmá pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ mi. Láràárọ̀ mo máa ń bi í pé, "Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan nínú ẹyin yìí?" Láràárọ̀ ló máa ń ní, "Ẹyin ni. Ẹyin rere ni." Mo wá ní ó ń gbè sẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Obìnrin tó mọ̀ bí wọ́n bá fi omi ẹja se ẹyin, ó ní kò sí nǹkan nínú èyí tí gbogbo Ọyẹ́ ń dá padà. Mo rò ó bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, nígbà tí mo ń bó ẹyin náà fún un.

Òjò ló tú àṣírí náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì, ẹ̀yìnkùlé di odò, mi ò sì fẹ́ rìn nínú ẹrẹ̀ lọ sí ilé adìẹ nítorí ẹyin kan. Mo mú ọ̀kan lórí àpótí, mo se é, mo bó o, mo gbé e fún Màmá pẹ̀lú iṣu.

Ó gé e jẹ. Ó dúró. Kò jẹ ẹ́ mọ́, kò sì tu ú. Ó gbé e mì díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ sì kọ sí ibi tí mo wà bí ẹni tó ríran.

"Ibo lo ti mú ẹyin yìí?"

"Ilé adìẹ ni, Màmá."

"Irọ́ ni. Ó ń rùn bí aṣọ àbúrò mi."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ iyọ̀ tí kò béèrè. Gbogbo rẹ̀ wá papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹyin tirẹ̀ tí kì í kọjá lórí àpótí, èyí tí mo ń fọ̀ tí mo ń tì mọ́lé, fèrèsé tí mo kàn pa, òtútù tó ń dúró lọ́fun. Kánfọ̀ ni. Mo wọ yàrá mi lọ, mo fi imú fa atẹ́gùn yàrá, mi ò gbọ́ òórùn kankan. Mo ti ń sùn tì í láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Imú mi ti gbà á sí ilé.

Mo padà sọ fún Màmá pé n kò rí eku kankan rí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jẹ iṣu rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

"Kì í ṣe ẹrù tèmi lo tú," ó ní.

Yèyé ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Odò-Orò. Ọlọ́kadà tí mo ti kọ̀ sílẹ̀ ni mo lọ bẹ̀ kó gbé mi lọ. Mo bá a lábẹ́ igi nínú àgbàlá, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde.

"Ọmọ Ìbàdàn. Ọ̀rá mi kò sí níbí o. Ilé ni mo fi í sí."

"Yèyé, ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe ewé yín. Yàrá mi ni."

"Yàrá rẹ? Adìẹ ń sùn ní yàrá rẹ ni?"

Mo ṣàlàyé: àpótí, kánfọ̀, omi tí mo fi ń fọ̀ ọ́. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ, ọ̀bẹ rẹ̀ kò dúró. Nígbà tí mo dé ibi omi, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹyin ń mí," ó ní. "Ihò wà lára èèpo rẹ̀ tí ojú kò lè rí. Adìẹ fi nǹkan dí i kó tó yé e, o wá fi omi fọ nǹkan náà kúrò, o gbé e sínú òórùn, inú ooru. Kí lo fẹ́ kó máa mí símú?"

"Mi ò mọ̀, Yèyé. Ẹ kò sọ fún mi."

"O kò bi mí. Ohun tó wà nínú ọ̀rá mi nìkan lo bi mí." Ó ju ẹ̀gẹ́ kan sínú omi. "Àwọn tó ń dín ńkọ́? Ẹyin tí mo ń jí, ṣé o ti rí i?"

N kò sọ fún un rí pé mo fura sí i nípa olè. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dojú kọ ilẹ̀.

"Ṣé o rí ìyẹ́ nílẹ̀ ilé adìẹ nígbà náà?"

Mo rí i. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbá a.

"Wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ ni. Adìẹ tó ń hu ìyẹ́ tuntun kì í yé ẹyin púpọ̀. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún ọ." Ó wá gbé ojú sókè wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ìwọ náà mọ̀ pé ò ń rùn kánfọ̀?"

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Gbogbo ìlú ló mọ̀. Bí o bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó mẹ́ta ń gbọ́ ọ. A rò pé ọ̀fọ̀ ìyá rẹ lò ń ṣe. Ta ní máa sọ fún ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ pé ó ń rùn?"

Gbogbo ìgbà tí mo ń ṣọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri, àánú mi ni wọ́n ń ṣe.

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń jókòó ti ọ̀rẹ́ mi?"

"Èmi ni."

"Kí lo ń bá a sọ?"

"Mo ń bi í bóyá ẹyin dára."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe sí mi. Ó ní kí n dìde, kí n máa lọ kí òjò má bàa ká mi mọ́ ojú ọ̀nà. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Kò sọ pé òun ń bọ̀.

Mo yọ ìṣó fèrèsé. Mo da gbogbo ẹyin tó kù nínú yàrá sínú ihò, mo bò ó. Mo to tuntun sórí pákó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n. Mo gbé kíréètì kan lọ fún ìyàwó àlùfáà, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, mo sì lọ bá obìnrin tó ń pọn omi lọ́jọ́ náà, mo sọ ọ́ fún òun náà, nítorí lójú rẹ̀ ni mo ti tú ẹrù àgbà. Bàbá onítíì ní Ọyẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, "Àṣé kì í ṣe àwọn adìẹ yín ni òtútù ń mú, ẹ̀yin ni." Ó gba kíréètì kan. Ọ̀kan péré.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ "Ẹ kú ulé o" lẹ́nu ọ̀nà iwájú. Màmá dìde fúnra rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri bọ̀. Mo gbé àga méjì jáde síta kí wọ́n tó ní kí n gbé e. Mo wo abíyá Yèyé. Kò gbé asẹ́ dání.

Kò tíì gbé e wá di òní. Ó ń wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti padà sẹ́nu ìrìn ojúlé àwọn òkú wọn, ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mò ń sẹ́ oúnjẹ adìẹ. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ikọ́ ṣe wọ́n, mo lọ já efinrin fúnra mi, mo sá a, mo ń rún un sí i, ẹ̀kúnwọ́ kan fún ogún adìẹ. Mo bá ẹnu ara mi tó ń mì. Ẹ̀kúnwọ́ ni mo ń kà, bíi ti Yèyé lọ́jọ́ náà.

Bí àwọn méjèèjì bá jókòó, màá lọ sí ilé adìẹ, màá mú ẹyin méjì nínú ìtẹ́, màá sè wọ́n lójú wọn. Màmá á gba tirẹ̀, á máa jẹ ẹ́. Yèyé á mú tirẹ̀, á là á sí méjì, á gbé e sí imú. Á dúró díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò kí ń kúrò níbẹ̀ títí á fi gé e jẹ.